Fóònù Olójú Gíláàsì, Ọmọ Wáyà

Kò sí ọ́fíìsì tí mo gbé fóònù yìí wọ̀ ní Àkúrẹ́ tí ẹnìkan ò ní gbé e yí padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kó tó bi mí pé, "Injinía, níbo ni síìmù ń gbà wọ inú rẹ̀?" Mi ò bá wọn wí. Ohun tó jọ fóònù àpò wọn ni wọ́n rí: ojú gíláàsì tó fẹ̀ tó ìnṣì méje, àwọn àwòrán kéékèèké tí à ń fọwọ́ tẹ̀, orúkọ àwọn èèyàn tí à ń fi ìka fà lọ sókè, fà wá sísàlẹ̀. Ojú wọn ti mọ irú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ohun tí ojú wọn bá jọra, inú wọn náà á jọra. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń ṣẹ̀. Fóònù orí tábìlì yìí kò ní síìmù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní bátìrì. Ẹ fa wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, gíláàsì dúdú lásán ló kù lórí tábìlì. Inú wáyà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá sì gba èyí gbọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àròyé tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pè mí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa so ọ́fíìsì pọ̀: wáyà, rúta, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, àti àwọn fóònù wọ̀nyí. Àwọn oníbàárà mi kì í ṣe báńkì ńlá. Ilé ìwòsàn aládàáni ní Ìjàpọ̀ wà lára wọn, òtẹ́ẹ̀lì kan, ilé ìwé, àwọn lọ́yà méjì tí wọ́n jọ gba ọ́fíìsì ní Alágbàká, àti àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń kó o lọ sí Èkó. Owó kì í ṣe ohun ṣeréṣeré lọ́wọ́ irú wọn. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi mí ṣáájú ti síìmù ni pé kí ni wọ́n fẹ́ fi fóònù orí tábìlì ṣe nígbà tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní méjì lápò.

Nọ́ńbà ni ìdáhùn mi. Akọ̀wé tó bá ń gba ìpè oníbàárà sórí síìmù ara rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, òun àti oníbàárà ló jọ ń lọ. Ilé iṣẹ́ kan wà ní òpópónà Ọba Adésídà tí nọ́ńbà ara pátákó rẹ̀ jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó ti lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn. Wọ́n ṣì ń pè é. Ọmọ náà níwà, ó máa ń ṣàlàyé fún wọn pé òun ò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ iye èèyàn tó pè tí kò gbé, tí wọ́n sì gba ibòmíì lọ? Fóònù orí tábìlì jẹ́ ti àga, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó lórí àga. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè máa yí padà lóṣooṣù, nọ́ńbà ò ní mọ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun sí àwa tí a ti dàgbà díẹ̀. Láyé NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, 034 ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà Àkúrẹ́, ilé ló sì ni nọ́ńbà. Ẹni tó bá sún mọ́ fóònù ló ń gbé e, á wá figbe ta pé kí wọ́n bá òun pe Bùrọ̀dá wá láti ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí GSM dé ní 2001, nọ́ńbà jáde kúrò nínú ilé, ó wọ àpò èèyàn, inú gbogbo wa sì dùn. Fóònù tí mò ń sọ yìí tún mú nọ́ńbà padà sílé, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà báyìí, kì í ṣe orí òpó onígi tí wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ lọ tà.

SIP ni wọ́n ń pe èdè tí ó fi ń bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín ìpè, sọ̀rọ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlànà rẹ̀ jáde, wọ́n sì tún un kọ ní 2002 sí èyí tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ọdún 1999 yẹn náà ni Mark Spencer, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, rí i pé apá òun ò ká owó ẹ̀rọ tó ń pín ìpè fún ọ́fíìsì. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ tirẹ̀, ó pè é ní Asterisk, ó sì fi í sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà mi tó bá rò pé àwọn olówó nìkan ló ni irú nǹkan báyìí. Àìlówó ló bí i. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ṣì gbádùn lè pín ìpè fún gbogbo ilé ìwé kan láìmí gúlegúle.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí wáyà wàyí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, àní bí ẹni tó pè mí bá tilẹ̀ búra pé ojú fóònù ló ń ṣe wọ̀nràn-wọ̀nràn.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì méjì. Ẹ bó èèpo ìta, ẹ tú wọn, ẹ fi ìka nà wọ́n kí wọ́n má wọ́ mọ́, kí ẹ sì tò wọ́n láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún: funfun tó ní ilà ọsàn, ọsàn, funfun tó ní ilà àwọ̀ ewé, búlúù, funfun tó ní ilà búlúù, àwọ̀ ewé, funfun tó ní ilà búráùn, búráùn. Ẹ gé ẹnu wọn kó dọ́gba, ẹ tì wọ́n sínú orí rọ́bà títí ẹ ó fi rí imú bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń dán níwájú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú nìyí. Ojú ni kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀kan bá kù sẹ́yìn bí irun, ó lè jẹ́ òun gan-an ló máa fìyà jẹ yín lóṣù tó ń bọ̀, tí wọ́n bá sún tábìlì díẹ̀.

Lára wáyà yẹn kan náà ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ fóònù, láti inú switch, àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ọ́fíìsì ti ń pàdé. PoE ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́, ti 2003, gba switch láyè láti fi wáàtì 15.4 ránṣẹ́, ó sì ka 12.95 sí èyí tí fóònù lè fọkàn tán, torí wáyà ń jẹ lára rẹ̀ lọ́nà. Ti 2009 gbé e dé wáàtì 30. Fóònù oníbọ́tìnnì tí ojú rẹ̀ kéré kì í jẹ iná tó nǹkan kan. Olójú gíláàsì lójú kòkòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá èyí tó ní kámẹ́rà lórí, tàbí tí wọ́n tún ki nǹkan bọ ihò USB rẹ̀. Tí iná ò bá tó o, kì í kú pátápátá. Á tàn, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, á tún ṣú, á tún tàn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á ní ayédèrú ni mo tà fún wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí a wo ìdí switch ná. Switch olójú mẹ́jọ tí àpapọ̀ iná rẹ̀ jẹ́ wáàtì 60 kò lè bọ́ fóònù mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ 12, bó ti wù kí ihò tó wà lára rẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, kò gba àdúrà.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn oníṣẹ́ kan ń dá láti dín owó wáyà kù. Wọ́n á pín mẹ́jọ sí ọ̀nà méjì, mẹ́rin fún kọ̀ǹpútà yìí, mẹ́rin fún tọ̀hún. Kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́, torí mẹ́rin tó fún un tí ó bá ń sáré mẹ́gábíìtì 100. Ọdún á yípo, wọ́n á yọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi fóònù síbẹ̀, ohun tó ń fún un níná á sì jẹ́ irú èyí tó ń gba orí mẹ́rin yòókù. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ògiri á pààrọ̀ fóònù títí, kò ní tàn.

Ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló máa ń wà lẹ́yìn fóònù náà. Ọ̀kan ni wáyà ti ń wọlé láti ara switch, èkejì ni a fi ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kí a má baà ra wáyà méjì. Ní ilé ìwé kan, ẹni tó ń gbálẹ̀ rí wáyà kan tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí ẹnu rẹ̀ kejì ti wà nínú ògiri. Ó fẹ́ràn kí ibi iṣẹ́ mọ́ nigín-nigín. Ó gbé e, ó kì í bọ ihò tó ṣófo lẹ́yìn fóònù. Wáyà méjì ti inú fóònù kan lọ sí switch kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí switch bá sọ jáde ń gba ẹ̀yìn padà wá bá a, ó tún ń sọ ọ́ jáde, láàárín ìṣẹ́jú péréte gbogbo ilé ìwé dákẹ́. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sí fóònù. Ọ̀gá ilé ìwé ti ń pe ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, ó ń bá wọn jà. Wáyà kan ni mo fà yọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi téèpù bo ihò kejì bí wọn ò bá fi kọ̀ǹpútà sí i.

Bí iná bá ti dúró, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ sáfà ló kàn. Nǹkan mẹ́ta ni fóònù ń béèrè: nọ́ńbà inú ilé tí a fún un, páàsìwọ́ọ̀dù, àti àdírẹ́sì sáfà. Ẹ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ sójú gíláàsì, ṣùgbọ́n mi ò gbà yín nímọ̀ràn. Páàsìwọ́ọ̀dù tó dáa gùn, ó ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, òdo sì jọ lẹ́tà O. Ẹ wo àdírẹ́sì IP fóònù náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tó ti ń sọ ìròyìn ara rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ojú ìwé ìṣètò rẹ̀ á ṣí, ẹ ó sì fi kíbọ́ọ̀dù ṣe é wẹ́rẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe lójú ìwé yẹn ni kí n pààrọ̀ páàsìwọ́ọ̀dù alákòóso tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Gbogbo ayé ló mọ èyí tó bá a wá.

Tí kò bá forúkọ sílẹ̀, ẹ má kàn wò ó kí ẹ mi orí. Ó máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, nọ́ńbà ló fi ń sọ ọ́. 403 ni pé sáfà gbọ́ yín, ó sì kọ̀ fún yín. Páàsìwọ́ọ̀dù tàbí nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ ni kí ẹ tún wò. 408 ni pé ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ẹ̀yin lẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀, torí náà ojú ọ̀nà ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe páàsìwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá wọ inú àkọsílẹ̀ fóònù lọ á rí 401 níbẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Kò ní nǹkan kan nínú. Sáfà ló ń sọ fún fóònù pé, "Mo ti rí ọ, mú ẹ̀rí wá," gbogbo ìforúkọsílẹ̀ tó dára ló sì sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Èyí tó ń gbà mí lákòókò jù kì í hàn sójú fóònù rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn Ìjàpọ̀ yẹn ló pè mí lọ́jọ́ kan.

"Injinía, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wo fóònù yín. Àwa ń rí èèyàn pè, àwọn èèyàn ò rí wa pè. Wọ́n ní kì í tiẹ̀ dún."

"Sístà, ẹ kú wàhálà. Ṣé bó ṣe ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn, àbí ó máa ń dá ṣe é?"

"Ẹ ò rí i, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pe èèyàn tán, wọ́n lè pè wá. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, ó parí nìyẹn."

Sístà ò mọ̀ pé òun ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà tán. Fóònù wà lẹ́yìn rúta, rúta sì ń ṣe bí mẹ́gáàdì tó jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó bá tinú ilé jáde, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí àlejò tó bá béèrè onítọ̀hún lè wọlé. Bí ó bá pẹ́ tí kò gbúròó onítọ̀hún, ó pa orúkọ náà rẹ́. Ìpè wá dé láti ọ̀dọ̀ sáfà, mẹ́gáàdì wo ìwé rẹ̀, ó ní òun ò mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ rúta kì í tọ́jú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òmíràn ò tó ìṣẹ́jú kan. Fóònù ní tirẹ̀, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣètò rẹ̀ wá, ìṣẹ́jú àáyá 3600 ló fi ń tún orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ìyẹn wákàtí kan gbáko. Láàárín méjèèjì, odi ni fún ẹni tó ń pè wọlé. Tí ẹ bá gbé ìka lé e láti pe èèyàn jáde, orúkọ yín tún wọ ìwé, ó wá dà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí oníṣẹ́ bá débẹ̀ tó dán an wò, ó máa ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ojú ìwé ìṣètò, níbi tí wọ́n kọ keep-alive sí. Ẹ ní kí ó máa fi nǹkan kékeré ránṣẹ́ sí sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, kí wọ́n má baà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ó tún ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwa ará ibí tó jẹ́ pé rúta onísíìmù ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò, torí lẹ́yìn rúta tiyín, ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sábà máa ń ní géètì tiẹ̀, tí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjàpọ̀ ò lè fọwọ́ kàn. (Ẹ ṣàkíyèsí pé síìmù tí gbogbo wọn ń wá lẹ́yìn fóònù, inú rúta ló wà látọjọ́ yìí.)

Inú rúta yẹn náà ni nǹkan kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SIP ALG. Ẹni tó fi síbẹ̀ rò pé oore lòun ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú lẹ́tà tí fóònù ń kọ sí sáfà wò, kó sì bá a tún àdírẹ́sì inú rẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ ló ń tún un kọ ní ìkọkúkọ, tí ìpè á máa já lójijì tàbí kó má wọlé rárá. Mi ò tíì débi tí mo ti pa á tí wọ́n pè mí padà pé kí n wá tan án.

Àbúrò rẹ̀ ni ti ohùn apá kan: wọ́n ń gbọ́ yín, ẹ̀yin ò gbọ́ wọn. SIP ń ṣètò ìpè ni, kì í gbé ohùn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà míì tí à ń pè ní RTP ni ohùn ń gbà. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò, fóònù máa ń kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n á máa fi ohùn ránṣẹ́ sí. Bí ó bá kọ 192.168 tó ń jẹ́ nínú ilé, kò sí bí ẹni tó wà níta ṣe lè fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lóǹkà láyé. Ohùn náà jáde, ó sọnù sọ́nà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ti yàrá kan pe yàrá kejì nínú ọ́fíìsì náà. Bí ẹ bá gbọ́ ara yín kedere, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́rùn ohun tí à ń gbé sétí. Ẹ jáde síta lọ wá a: sáfà ni kí ẹ sọ fún pé àwọn fóònù wà lẹ́yìn rúta, tàbí kí ẹ tan STUN lára fóònù kó lè mọ àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń rí i láti òde.

Ti ohùn tó ń gé jẹ́jẹ̀ẹ̀jẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. G.711, ọ̀nà tí wọ́n sábà fi ń di ohùn, ń jẹ kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a bá sì ka àpò tí wọ́n ń dì í sí, ó ń lọ sí bíi 87 lápá kan. Kò pọ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni ìdádúró, torí ìgbà àádọ́ta ló ń fi ẹrù ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó sì fẹ́ kí wọ́n dé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹnìkan tó ń fa fíìmù sórí kọ̀ǹpútà ní yàrá tó kángun lè dà á rú. Ẹ sọ fún rúta pé ohùn ni kó kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá tín-ín-rín púpọ̀, ẹ lo G.729, kílóbíìtì 8 ni òun ń jẹ kí wọ́n tó dì í. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán, àmọ́ ẹ ó gbọ́ ara yín.

Aago náà ńkọ́? Wọ́n máa ń fojú di í. Ẹ yàn án sí GMT+1, kí ẹ sì rí i pé ó ń rí sáfà aago. Fóònù tó bá gbà pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la ṣì wà kò ní gba ìwé ẹ̀rí sáfà tó ń lo TLS, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì má baà kà á, kò sì ní forúkọ sílẹ̀, ẹ ó máa yí páàsìwọ́ọ̀dù títí ọwọ́ á fi bó.

Mo fi ojú gíláàsì sẹ́yìn, torí òun ni ẹ̀bi ń kọ́kọ́ bá, òun sì ni kì í sábà ṣẹ̀. Irú èyí tó pọ̀ lóde báyìí, awọ ara ló ń gbọ́ràn sí, kì í ṣe agbára. Ọmọbìnrin tó lẹ èékánná gígùn á fi orí èékánná kàn án, kò ní dá a lóhùn. Ẹ fi ẹran ìka tẹ̀ ẹ́. Lásìkò ọyẹ́ tí ọwọ́ bá gbẹ bí pákó, ó lè máa ṣe agídí díẹ̀. Tí ó bá wá ń tẹ ara rẹ̀, tí nọ́ńbà ń jáde láìsí ọwọ́ lórí rẹ̀, kí ẹ tó pe wòlíì, ẹ wò ó bóyá adápítà ló ń fún un níná. Adápítà gbàrọgùdù nínú ilé tí wọn ò ri wáyà iná kankan mọ́ ilẹ̀ fún máa ń ti ìdọ̀tí iná sí i lára, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀, gíláàsì á sì rò pé ìka ni. Ẹ gbé e kúrò lórí adápítà, ẹ fi PoE bọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ìgbà á dákẹ́. Aṣọ múlọ́múlọ́ tí ẹ fi omi tọ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, nígbà tí ẹ bá ti pa á. Ẹ má fín nǹkan kan sí i lójú.

Ẹ má sì yára tẹ ibi tí wọ́n kọ factory reset sí. Àwọn ọmọ tó mọ fóònù àpò fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà, páàsìwọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì sáfà, gbogbo rẹ̀ lọ, ìṣòro ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì dúró síbi tó wà, iṣẹ́ ti wá di méjì. Ẹ kọ́kọ́ pa á kí ẹ tún tan án. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ojú ìwé ìṣètò tọ́jú ẹ̀dà ìṣètò rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn ni reset lè tó kàn.

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Àkúrẹ́ tí mi ò ní dárúkọ iná àti àrá. Àwọn òjò tó ń ṣí ọdún yẹn máa ń wá pẹ̀lú ìjà, wáyà tó gba ìta láti ilé kan sí òmíràn sì lè gbé àrá wọ switch, kí switch náà pín in fún gbogbo fóònù. Bí ilé méjì bá jìnnà síra, fíbà ni mo ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti rì sáàárín wọn, torí gíláàsì inú rẹ̀ kì í gbé iná. Ní ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má ra UPS fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra ọ̀kan tó lágbára, ẹ so switch, rúta àti sáfà mọ́ ọn, gbogbo fóònù tó ń jẹun lára switch á wà láàyè bí wọ́n bá mú iná lọ.

Olè náà wà o. Àwọn kan wà kárí ayé tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn 5060, ibi tí SIP ń gbà, wọ́n ń wá ibi tí páàsìwọ́ọ̀dù ti rọrùn. Òru ni wọ́n sábà ń wọlé, wọ́n á fi nọ́ńbà yín pe òkè òkun títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin lẹ ó san án. Bí kò bá sí ìdí tí ọ́fíìsì yín fi ń pe òkè òkun, ẹ ní kí wọ́n tì í pa lórí sáfà.

Wọ́n ṣì máa ń bi mí bóyá kí àwọn ra olójú gíláàsì àbí oníbọ́tìnnì. Ẹni tó ń gba àlejò ni gíláàsì yẹ, torí ó ń rí orúkọ gbogbo yàrá lójú kan, ó ń rí ẹni tó wà lórí ìpè àti ẹni tó ráyè, ó sì lè fi ìka kan gbé ìpè lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Fún ẹnu géètì, ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì tí ọwọ́ ti kún fún epo, àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru tó ń wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn láìjí aláìsàn, oníbọ́tìnnì ni, kò sí àríyànjiyàn. Ilé ìwòsàn Ìjàpọ̀ ra gíláàsì kan ṣoṣo, wọ́n gbé e síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Oníbọ́tìnnì ni gbogbo yòókù, owó tó sì ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ra UPS fún switch.